Wọ́n-Wéè Ní Ìyànà Ìbà: Fídíò Tí Kò Dé Kóòtù, Ẹ̀rín Lásán Ni

Bí eré bí eré, gbogbo ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ti di ayàwòrán. Bí ọlọ́kadà kan bá gba wọ́n-wéè báyìí, tó lọ forí sọ kẹ̀kẹ́ Máruwá, fóònù bí ogún ni yóò nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní pẹ́ tí fídíò náà yóò fi dé Facebook, yóò dé WhatsApp, wọn yóò fi orin sí i nídìí lórí TikTok, ará Ṣókótó yóò máa fi rẹ́rìn-ín, ará Lọ́ńdọ̀nù yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Nàìjíríà yìí mà ti sú òun o. Ẹni tí wọ́n gbá ńkọ́? Ó wà nílé lórí ẹní, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀. Ẹni tó gbá a ńkọ́? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó ti ń pe èrò, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí o: fídíò tó pọ̀ bí omi òjò báyìí, kí ló dé tó jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń mú dẹ̀rẹ́bà dé iwájú adájọ́? Ṣé òfin ni kò gbà á, àbí àwọn tó yà á ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀?

Ẹni tó bá mọ títì Èkó sí Àgbádárìgì dáadáa yóò mọ̀ pé ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2009 ni ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ títì náà, kí ó lè di ọ̀nà mẹ́wàá títí dé Okokomaiko, kí rélùwéè sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọdún ń gorí ọdún. Rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Blue Line, Màílì Túù sí Mẹrínà ló kọ́kọ́ kó èrò, ní oṣù kẹsàn-án 2023, apá tó yẹ kó dé Okokomaiko kò sì tíì parí nígbà náà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá ti ọ̀nà kan pa nítorí katakata, ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ á jọ fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni kan gba wọ́n-wéè nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹnìkejì gbà á nítorí ó rí ẹni àkọ́kọ́. Ẹnìkẹta gbà á nítorí kò fẹ́ lọ yí po lókèèrè. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ọ̀nà sílẹ̀, ọ̀dà dúdú ń dán lórí títì, àṣà náà kò lọ.

Ìyànà Ìbà ló burú jù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà LASU tó ń bọ̀ láti Ìgandò ti pàdé títì ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, oníbàárà Alábà wà níbẹ̀, kòrópé, dáńfó, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, alátẹ tó tẹ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ tó jẹ́ pé táyà ló fi ń ṣe aládùúgbò. Òfin ìrìnnà tí Fáṣọlá buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ 2012 ti ní kí ọ̀kadà kúrò lórí àwọn títì ńlá. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní 2020, tó tún fi mẹ́rin kún un ní 2022, kò dárúkọ Ọ̀jọ́ mọ́ wọn. Nítorí náà, ọ̀kadà lè wọ àdúgbò, kò gbọdọ̀ gun títì ńlá. Ẹ lọ wo títì ńlá. Ibùdókọ̀ kan wà níwájú níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Volkswagen, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to mọ́tò Ìjàpá láyé ọjọ́sí, láti 1975. Ìjàpá kì í sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá dojú kọ ọkọ̀ ẹlòmíràn kó tó dé ilé.

Ọ̀rọ̀ wọ́n-wéè yìí dé ojú gómìnà fúnra rẹ̀. Ní 2024, Sanwó-Olú ń kọjá lórí títì Èkó sí Àgbádárìgì yìí kan náà, ló bá bá àwọn tó ń gba wọ́n-wéè pàdé. Wọ́n dá wọn dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní sójà lòun. Gómìnà ní ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe máa tì í mọ́lé. Fídíò ọjọ́ náà lọ káàkiri ayé, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tó bá ń gbé nítòsí bárékè Ọ̀jọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "sójà ni mí."

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa. Fídíò yẹn kọ́ ló mú ọkùnrin náà. Gómìnà rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n dì í mú. Bí wọn kò bá tilẹ̀ ya wòrán kankan, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ń ta ata kò ní ẹ̀ṣọ́. Gbogbo ohun tó ní ni ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀, àti fóònù ọmọ tó jókòó tì í.

Ká sọ pé ìyá bẹ́ẹ̀ kan ń ta tòmátì létí títì ní Ìyànà Ìbà, tí ọ̀kadà tó gba wọ́n-wéè tú àtẹ rẹ̀ ká, tó sì gbá a lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan lódìkejì ya gbogbo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ní kí wọ́n bá òun pe ọmọ náà wá.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o ya wòrán ẹni tó gbá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ kú ewu, mà. Mo ti gbé e sórí Facebook. Èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ti wò ó."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Nínú wọn, ta ló ra tòmátì mi tó fọ́?"

"Ẹ má bínú, mà."

"N ò bínú. Èyí tó wà nínú fóònù tìẹ ńkọ́? Àwọn pọ́lísì ní kí n mú un wá."

"Mo ti pa á rẹ́, mà. Fóònù mi ló kún."

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti kú. Ọmọ náà kò ṣe ohun tó burú, kò kàn mọ̀ ni. Èyí tó wà lórí Facebook, ó ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ó má baà gùn jù; ibi tí ọ̀kadà ti yà kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rọ ti fún un kéré, nọ́ńbà ara ọ̀kadà ti di bàìbàì, ọjọ́ àti àkókò tí fóònù kọ sínú rẹ̀ ti sọ nù lọ́nà. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kò lè mọ̀ bóyá Ìyànà Ìbà ni tàbí Ìyànà Ìpájà, bóyá ọdún yìí ni tàbí ọdún tó lọ.

Kí ni òfin wá wí gan-an? Òfin ẹ̀rí ti ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2011 gba fídíò wọlé. Kì í ṣe òótọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ ní gáréèjì pé kóòtù kì í wo fóònù. Abala 84 nínú òfin náà ló sọ bí ohun tó ti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jáde ṣe lè di ẹ̀rí, fóònù sì wà lára kọ̀ǹpútà lójú òfin. Ohun tí abala yẹn ń béèrè kò ju kí ó dá adájọ́ lójú pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tó ya wòrán, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe lójoojúmọ́ náà ni wọ́n fi ṣe, pé ohun tó wọ inú rẹ̀ gan-an ló jáde. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà yóò kọ ìwé, yóò sì buwọ́ lù ú, pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2023, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ àti ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ kún un, kí ó lè bá ayé òde òní mu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nínú ẹjọ́ ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bàyélsà láàárín Kubor àti Dickson, àwọn lọ́yà ńláńlá ló tẹ ìwé jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbé e lọ bá adájọ́. Kóòtù tó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí ní kò lè ṣiṣẹ́, nítorí wọn kò ṣe ohun tí abala 84 ní kí wọ́n ṣe. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wọ gọ́ọ̀nù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́ télọ̀?

Àwọn ọlọ́jà kúkú mọ ọ̀rọ̀ yìí ju lọ́yà lọ. Bí ẹnì kan bá gbé aṣọ wá pé òkè ni, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá aláṣọ yóò bi í ni pé, "Lọ́wọ́ ta lo ti rà á?" Bí kò bá mọ ẹni tó tà á fún un, ìyá náà á tọwọ́ bọ̀ ọ́, á fi imú fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Fídíò tí kò ní ẹni tó yà á, aṣọ tí kò ní ẹni tó hun ún ni lójú adájọ́. Fídíò kò ní ẹnu. Ẹni tó yà á ni ẹnu rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe tán láti dúró nínú kóòtù, kó ní èmi ni, ibi báyìí ni mo wà, aago báyìí ló jẹ́, fóònù mi nìyí, n kò gé e, n kò fi nǹkan kan kún un.

Nítorí náà, ká ní ọmọ iṣẹ́ télọ̀ yẹn fi èyí tó wà nínú fóònù rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà ni, tí kò gé e, tí kò fi orin sí i. Ká ní bó ti ń yà á ló ń sọ ọ́ lẹ́nu pé ọjọ́ Túsìdeè ni, Ìyànà Ìbà ni, aago mẹ́rin ti lù. Ká ní ó yí fóònù díẹ̀ kí géètì LASU tàbí ilé epo kan hàn, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ká ní ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà, pẹ̀lú orúkọ ẹni méjì tó wà níbẹ̀. Kó tó di pé Facebook gbọ́ ọ, kí ó mú un lọ sí téṣàn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kà á, kí ó tó buwọ́ lù ú. Àwọn Road Safety náà ń gba ẹ̀sùn, nọ́ńbà wọn tí kò gba owó ni 122. Ẹ̀ṣẹ̀ wíwa ọkọ̀ ní ìwàkuwà, ₦50,000 ni owó ìtanràn rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọmọdé kì í fẹ́ gbọ́: ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa ya fídíò ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí dẹ̀rẹ́bà fọwọ́ mú fóònù. Kí èrò tó jókòó lẹ́yìn yà á.

Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni olórí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ èrò, lẹ́tà búlúù ni ti aládàáni. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JJJ, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti gbà á. KJA, Ìkẹjà ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò ní nọ́ńbà rárá, tàbí kí wọ́n fi ẹrẹ̀ kùn ún, kí wọ́n so ọ̀rá mọ́ ọn bí ẹni tó ń di ẹ̀kọ. Fún irú wọn, ojú ẹni tó gùn ún, àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀, àmì ara ọ̀kadà, ibi tó máa ń dúró sí, ìyẹn ni ẹlẹ́rìí yóò sọ. Àwọn tó jókòó létí títì látàárọ̀ dalẹ́ mọ wọ́n. Wọ́n mọ orúkọ ìnagijẹ wọn pàápàá.

Ibi tó ti le wá nìyí, kí àwọn ìyá fetí sílẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀, kò sọ ẹni tó wà á. Ta ló ni àwọn dáńfó àti kẹ̀kẹ́ tó ń ná Okokomaiko? Kì í ṣe àwọn dẹ̀rẹ́bà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ti ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ, ti wẹ́dà tó fi èrè iṣẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ti opó tó gba ẹ̀yáwó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó gbé kẹ̀kẹ́ fún ọmọkùnrin kan kí ó máa dá owó wá lójoojúmọ́. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó fún kóòtù lágbára láti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tí wọ́n fi gba wọ́n-wéè, kí ìjọba sì tà á ní gbàǹjo. Wọ́n sì ti ń tà á, kì í ṣe ìhàlẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn á bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, á gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọ, á lọ bẹ ẹlòmíràn fún kẹ̀kẹ́ tuntun. Opó ni gbèsè yóò jókòó tì.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìyá kankan gbé ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí ahọ́n lásán. Kí ìwé wà, kí fọ́tò ẹni tó ń wà á wà níbẹ̀, kí oníduròó rẹ̀ wá fọwọ́ sí i, kí ìyá máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ àti ìgbà tó gbé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé fídíò dé pé kẹ̀kẹ́ rẹ ló gba wọ́n-wéè ní Fóksìwágìn láago méje àárọ̀, ìwé yẹn ni ìyá yóò fi ní, "Ọ̀gá, lágbájá ló wà á, ilé rẹ̀ nìyí, oníduròó rẹ̀ nìyí." Bí kò bá sí ìwé, fídíò tí ọmọlọ́mọ̀ yà láti fi gba ìyá kan sílẹ̀ lè di èyí tí wọ́n fi na ìyá mìíràn lẹ́gba.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo èyí, pé ta ni fídíò fóònù ràn lọ́wọ́ rí ní Èkó yìí. Ní oṣù kejì 2022, ọmọbìnrin aránṣọ kan, ọmọ ọdún méjìlélógún, wọ ọkọ̀ BRT lálẹ́ ní apá Lẹ́kí, ó ń lọ sí Òṣòdì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ó fi ohùn àti fídíò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ sì hàn nínú rẹ̀. Wọ́n kò rí i láàyè mọ́. Ní oṣù karùn-ún 2025, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá dẹ̀rẹ́bà ọkọ̀ náà lẹ́bi, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Ẹjọ́ ìpànìyàn nìyẹn, kì í ṣe ti ìwàkuwà, ẹ̀rí mìíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó gba ọ̀rọ̀ náà kò pa á rẹ́ nínú fóònù rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 kan náà, àwọn ọlọ́kadà lu ọmọkùnrin kan pa ní Lẹ́kí nítorí ìjà owó ọkọ̀ tí kò tó nǹkan, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn tó wà níbẹ̀ ya fídíò, ó sì tàn kálẹ̀ títí ìjọba fi gbé ìgbésẹ̀ tó lé ọ̀kadà pátápátá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà yẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà.

Lókè òkun, wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn ọlọ́pàá apá àríwá Wales bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2016 tí wọ́n ń pè ní Operation Snap: aráàlú tó bá ní kámẹ́rà nínú mọ́tò tàbí lórí kẹ̀kẹ́ ológeere yóò fi fídíò ìwàkuwà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i, yóò sì gbà láti wá sí kóòtù bí wọ́n bá pè é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham, wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n ń bẹ̀rù kámẹ́rà orí kẹ̀kẹ́ ológeere ju ọlọ́pàá lọ. Ẹni ńlá kan tó ń ṣe fíìmù, Guy Ritchie, ń wo fóònù nídìí ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹlẹ́ṣin-kẹ̀kẹ́ kan ya fídíò rẹ̀, ní 2020 kóòtù sì ní kó má wa ọkọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ní Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, láti 2010 ni ọlọ́pàá ìrìnnà ti ṣí ojú ewé Facebook, tí aráàlú ń kó fọ́tò ọkọ̀ arúfin síbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ wá olówó ọkọ̀ lọ sílé. Gánà tó wà nítòsí wa níbí, Citi TV gbé kámẹ́rà sójú títì Àkúrà pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n ń mú àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí kóòtù.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Fídíò máa ń purọ́ o, pàápàá láyé ìsinsìnyí tí ẹ̀rọ ti lè ṣẹ̀dá ènìyàn tí kò sí. Kódà èyí tó jẹ́ òótọ́ lè jẹ́ ààbọ̀ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ló na ọwọ́ sí dẹ̀rẹ́bà pé kó gba ibẹ̀, kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé aboyún tó ń rọbí ló wà nínú kẹ̀kẹ́. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi, kò sì yọ ọlọ́kadà sílẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn tó ń wo fídíò lórí ìjókòó, tí wọ́n ń kọ ọ́ pé kí wọ́n dáná sun ún, kí wọ́n sinmi díẹ̀.

Àwọn oníbàjẹ́ mìíràn tún wà. Wọ́n á ya fídíò tán, wọ́n á lọ bá dẹ̀rẹ́bà ní kọ̀rọ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀." Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ń ṣe é, àwọn tí kò wọ̀ ọ́ náà ń ṣe é. Ẹni tó gba ẹgbẹ̀rún méjì láti pa fídíò rẹ́ ti ta ẹsẹ̀ ìyá ọlọ́jà náà ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí ẹni tó bá mú fídíò lọ sí téṣàn mú ẹnìkejì dání, kí ó sì béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé wọn.

Láyé ọjọ́un, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Májà-májà wà lójú ọ̀nà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá Road Safety sílẹ̀ ní 1988 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ṣe alága àkọ́kọ́, ojú ẹ̀ṣọ́ ni kámẹ́rà. Ní 2025, ìjọba Èkó ti ń fi kámẹ́rà ojú títì mú àwọn tó ń sáré àsápajúdé, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù olówó ọkọ̀ pé kó wá san owó. Ó dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ìjọba kò lè wà ní gbogbo kọ́nà láti Ìbà dé Ìyànà Ẹ̀rá. Ẹni tó jókòó sídìí àtẹ láti ìdájí ló wà ní gbogbo kọ́nà.

Ohun tó ń dun ẹni ẹlẹ́rìí kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Wọn yóò ní kó wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, yóò wọ aṣọ tó dára, yóò san owó ọkọ̀, yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì láti aago mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sán, wọn yóò ní lọ́yà kò wá, ẹjọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Tòmátì kò mọ̀ pé wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ó ti rà. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ̀ yóò bi í bóyá kóòtù ló ń kọ́ ni àbí aṣọ. Lẹ́ẹ̀mẹta irú rẹ̀, ẹlẹ́rìí kò ní wá mọ́, adájọ́ yóò ní kí ọlọ́kadà máa lọ ilé rẹ̀.

Èyí wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọjà láti tún ṣe, kò dìgbà tí wọ́n bá dúró de ìjọba. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó aṣọ ẹbí lè dá owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí. Ẹgbẹ́ tó lè yan ẹni tí yóò gbálẹ̀ ọjà lè yan ẹni tí yóò bá ìyá oní-tòmátì jókòó ti àtẹ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè é. Ẹgbẹ́ télọ̀ lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ pé ọjọ́ kóòtù kò sí lára ọjọ́ ìpáwọ́lẹ́rán. Kí ìyálọ́jà sì ní ọmọ kan tó mọ̀ nípa fóònù, tí wọn yóò máa tọ̀ lọ kí wọ́n tó pa ohunkóhun rẹ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdeè ni kóòtù ń jókòó, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìgbà tí ọjà Ìyànà Ìbà ń gbóná jù.